Sìmẹ́ǹtì ni àbí èéfín gàrí? Ohun tí máàpù lè sọ nípa ikọ́ fée àwọn ọmọ iléèwé

Bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń gba orí WhatsApp àwọn òbí ní Ṣágámù. Ẹnì kan á ní ọmọ òun ò sùn mọ́jú, àyà rẹ̀ ń dún fée, fée. Ẹlòmíràn á dáhùn pé eruku sìmẹ́ǹtì ni. Ìyá kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó á dá sí i pé kò sí sìmẹ́ǹtì lọ́dọ̀ àwọn, síbẹ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ń lo ìnhélà, oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu kí èémí lè já gaara. Ó dá òun lójú pé lẹ́búlẹ́bú igi ni. Kó tó di alẹ́, ẹnì kan á ti gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ pé ẹ má tan ara yín, ayé ló ń ṣe ọmọ bẹ́ẹ̀.

Tí àwọn olùwádìí bá wá gbé fọ́ọ̀mù wá sí iléèwé, tí wọ́n ń béèrè ibi tí ìyá ọmọ ti ń dáná, èèyàn mélòó ló ń sùn nínú yàrá kan, àti àdírẹ́sì ilé, ìfura á tún dé. Kí ló kan ibi ìdáná nínú ọ̀rọ̀ àìsàn? Kí ni wọ́n fẹ́ fi àdírẹ́sì wa ṣe?

Máàpù ni wọ́n fẹ́ yà. Ẹni tó bá sì ń retí pé máàpù náà á na ìka sí ọ̀daràn kan ṣoṣo, ìjákulẹ̀ ni yóò bá pàdé. Iṣẹ́ máàpù ni láti sọ ibi tó yẹ kí èèyàn lọ wò, àti ìgbà tó yẹ kó lọ wò ó.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láyà ọmọ tí ikọ́ fée gbé?

Ikọ́ fée, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ásímà, kì í ṣe ikọ́ lásán. Inú ẹ̀dọ̀fóró wa kún fún àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ńlá lókè, wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Ní ti ọmọ tó ní ikọ́ fée, awọ inú àwọn ihò yìí máa ń wú díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, títí kan ọjọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ọjọ́ tí nǹkan kan bá wá tọ́ ọ, iṣan tó yí ihò náà ká á sún kì, awọ inú rẹ̀ á wú sí i, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki á sì dí àyè tó kù. Ẹni tí kò ní in rí lè yọ ọ̀pá tàdáà kúrò nínú bírò, kó fi ẹnu sí ihò ike rẹ̀, kó di imú, kó máa mí gba ibẹ̀, kó wá gun àtẹ̀gùn. Kó tó dé òkè, á ti mọ ohun tí ojú ọmọ náà ń rí. (Ẹni tó bá ní in kó má dán an wò o.) Mímí jáde máa ń le ju mímí sínú lọ, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí èémí bá ń jáde lèèyàn máa ń gbọ́ ohùn fée yẹn jù.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbí tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Èkíní ni ìdí tí ọmọ fi ní ikọ́ fée rárá: ó lè wà nínú ìdílé, ó lè jẹ́ ara tó máa ń kọ nǹkan, ó lè jẹ́ èéfín tó ti ń fà símú láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Èkejì ni ohun tó mú kó gbé e ní ọjọ́ Tuesday, ní aago kan ọ̀sán, lórí pápá iléèwé. Èkejì yìí ni máàpù tí à ń sọ ń wá.

Ikọ́ fée kì í ràn. Ọmọ tó jókòó ti ẹni tó ní in kò lè kó o. Ọ̀fìnkìn ló ń ràn, ọ̀fìnkìn sì ni olórí ohun tó ń gbé ikọ́ fée dìde lára àwọn ọmọdé. Bóyá ohun tó ń mú káwọn èèyàn rò pé ikọ́ fée fúnra rẹ̀ ń ràn nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èèyàn mílíọ̀nù 262 ló ní in káàkiri ayé ní ọdún 2019, ó sì pa ẹgbẹ̀rún 455 lọ́dún yẹn. Àwọn orílẹ̀-èdè tí oògùn kò ti kárí ni ikú náà ti pọ̀ jù.

Kí ni wọ́n ń pè ní yíya máàpù àìsàn?

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1854, kọ́lẹ́rà pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Soho, ní London. Dókítà John Snow wádìí láti ilé dé ilé, ó rí i pé omi ẹ̀rọ kan ní òpópónà Broad ni àwọn tó kú ń mu, wọ́n sì yọ apá ẹ̀rọ náà kí ẹnikẹ́ni má lè fà á mọ́. Máàpù tó yà lẹ́yìn náà, tó fi àmì sí ilé tí ikú ti wọlé, ló jẹ́ kí gbogbo ayé fi ojú rí ohun tó ń sọ.

Ṣùgbọ́n ti Barcelona, ní Sípéènì, ló bá ọ̀rọ̀ tiwa mu jù. Láàárín ọdún 1981 sí 1987, ìgbà 26 ni ikọ́ fée gbé ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ìlú yẹn. Bó bá di ọjọ́ náà, láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì àwọn ilé ìwòsàn á kún àkúnya; tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti lọ. Èéfín ọkọ̀ àti ti iléeṣẹ́ ni èèyàn á kọ́kọ́ fura sí, àmọ́ èéfín wà nílùú lójoojúmọ́, àjàkálẹ̀ yìí kì í sì í wá lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n wo ibi tó ti gbé àwọn aláìsàn, wọ́n rí i pé apá èbúté ni wọ́n ṣù jọ sí. Ni wọ́n bá gba ìwé àkọsílẹ̀ èbúté, wọ́n ń wo ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ àti ẹrù tó já. Gbogbo ọjọ́ 13 tí àjàkálẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní 1985 àti 1986 pátá ló bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ń já ẹ̀wà sóyà. Ilé ìkẹ́rùsí kan níbẹ̀ kò ní asẹ́ tó ń gba eruku dúró. Eruku ẹ̀wà ń jáde lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e wọ ìlú. Wọ́n fi asẹ́ sí i, àjàkálẹ̀ náà sì dáwọ́ dúró.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe máàpù nìkan ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Máàpù mú wọn dé èbúté, ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ sí ló mú wọn dé ìdí ẹ̀wà. Lójú tèmi, ìwé ọjọ́ yẹn gan-an ló máa ṣòro jù láti rí lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ̀rọ tó ń wọn eruku, èèyàn lè rà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àkọsílẹ̀ ọdún méjì sẹ́yìn, níbo lèèyàn á ti rí i rà?

Kí ni wọ́n máa fi sórí máàpù Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ?

Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń to nǹkan wọ̀nyí lé ara wọn: ọ̀nà, iléèwé, iléeṣẹ́, ilé, ojú afẹ́fẹ́, àti ibi tí ikọ́ ti gbé ọmọ. Tí a bá ní ká ya ti agbègbè wa, àwọn ohun ńláńlá ni ojú á kọ́kọ́ rí. Iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì àti ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun wà ní Ṣágámù. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn àti èyí tó lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin pàdé níbẹ̀. Ní Ògèrè, tírélà á tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn míì á fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ láìpa á. Ìjẹ̀bú-Igbó ní tirẹ̀ ní àwọn ibi ìlagi, tí lẹ́búlẹ́bú igi gòkè bí òkìtì lẹ́yìn wọn, tí wọ́n sì máa ń dáná sun ún kó lè dín kù. Àti Ògìjó, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin àti bátìrì àlòkù. (Ẹjọ́ òjé ni ẹjọ́ bátìrì ibẹ̀. Òjé nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ikọ́ fée, ayẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn, kí ẹnikẹ́ni má pa ìwádìí méjèèjì pọ̀.)

Ohun tí wọ́n máa ń wọ̀n nínú afẹ́fẹ́ ni eruku wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní PM2.5. Ó kéré débi pé ìnípọn irun orí kan ṣoṣo tó ìlọ́po 30 rẹ̀. Imú kò lè sẹ́ ẹ, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń lọ tààrà. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kó má kọjá máíkírógíráámù 15 nínú afẹ́fẹ́ kúbíìkì mítà kan láàárín wákàtí 24, kó má sì kọjá 5 tí wọ́n bá pín in kárí ọdún. Ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n kò ju àpótí kékeré kan lọ. Ó ń tan iná sínú afẹ́fẹ́ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń wo bí eruku ṣe ń fọ́n iná náà ká. Kò ní kámẹ́rà, kò sì ń gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwọn ohun ńláńlá wọ̀nyí kọ́ ló ń kọ mí lóminú jù. Ẹ jẹ́ ká wo ẹbu gàrí kan ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Àtíbàbà páànù ni, ó kúrú, ẹni tó bá ga á tẹrí ba kó tó wọlé. Ààrò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló tò síbẹ̀, agbada wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, obìnrin kan jókòó ti agbada kọ̀ọ̀kan ó ń fi igbá ro gàrí. Nígbà òjò, igi tútù ni wọ́n máa ń kó sí ìdí ààrò. Èéfín rẹ̀ á funfun, á wúwo, kò ní lọ sókè, abẹ́ páànù ló máa rọ̀ mọ́, ní ọ̀gangan orí ẹni tó bá dìde dúró. Ọmọ tó jáde níléèwé ní aago méjì, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń bọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, orí àpò gàrí tó kún ló ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Kí wọ́n tó lọ sílé nírọ̀lẹ́, ó ti fi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin mí èéfín yẹn, kò sì sí sátẹ́láìtì tó lè rí i lábẹ́ páànù. Gàrí Ìjẹ̀bú tí gbogbo ayé ń fi ẹja díndín mu, ẹ̀dọ̀fóró àwọn kan ló ń san nínú owó rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ibi ìdáná nìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n tún ń béèrè owó àti yàrá?

Torí pé ọmọ méjì lè mí eruku kan náà, kó gbé ọ̀kan lọ sí ilé ìwòsàn, kí èkejì kàn wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó sì máa bá eré lọ.

Ìnhélà ni ká fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù ń tú iṣan tó sún kì yẹn sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan wíwú inú ihò. Èkejì, tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, ni ọmọ ń lò lójoojúmọ́ kí wíwú náà lè lọ sílẹ̀. Kò wúlò fún ìṣẹ́jú tí èémí ti há, àmọ́ òun ni kì í jẹ́ kí ìṣẹ́jú yẹn wáyé. Ọ̀pọ̀ ìdílé búlúù nìkan ni wọ́n mọ̀. Tí ọmọ bá ń lo búlúù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ikọ́ fée rẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́, ó sì yẹ kí dókítà gbọ́ sí i.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, iléeṣẹ́ GSK tó ń ta Ventolin kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Ìnhélà wọ́n, owó rẹ̀ fò sókè, àwọn òbí kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ lò: ọmọ tó yẹ kó fà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní kó ṣì fara dà á. Tí wọ́n bá ya máàpù, ọ̀gangan ilé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa pupa. Ẹni tí kò béèrè ọ̀rọ̀ owó á rò pé afẹ́fẹ́ àdúgbò náà ló burú.

Ó tún kù. Yàrá tí ọmọ mẹ́ta ń sùn lórí fóòmù kan, tí ọ̀kan bá ti mú ọ̀fìnkìn wọlé, ọ̀la ni yóò kárí. Inú fóòmù tó ti gbó ni kòkòrò tín-ín-tín tí ojú kò lè rí máa ń pọ̀ sí, ìgbẹ́ wọn sì ń ru ikọ́ fée sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni ti aáyán. Ògiri tí omi ń rin nígbà òjò, tí nǹkan dúdú-dúdú ń hù lára rẹ̀, wà lára wọn. Kọ́ìlì ẹ̀fọn tí à ń tàn mọ́jú pẹ̀lú fèrèsé títì ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó kọ ẹnu sí fèrèsé ẹni?

Ìtìjú náà wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù kì í sì í tètè rí i. Àwọn òbí kan kì í sọ fún tíṣà pé ọmọ àwọn ní in, pàápàá tó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n ń ro ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwọn míì gbà pé ayé ló ń bá ọmọ jà, ilé àdúrà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e lọ, ilé ìwòsàn ló ń kẹ́yìn. Ẹ gbàdúrà, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó fa ìnhélà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ìgbà ń kà?

Ó ń kà púpọ̀. Ní Kánádà àti Gẹ̀ẹ́sì, oṣù Kẹsàn-án ni ikọ́ fée máa ń gbé àwọn ọmọ iléèwé jù lọ́dún, kété lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé. Kò sí eruku tuntun kankan. Ọmọ ló pàdé ọmọ lẹ́yìn ìsinmi gígùn, ọ̀fìnkìn sì gba àárín wọn kọjá. Oṣù Kẹsàn-án ni tiwa náà máa ń wọlé, nínú òjò. Nítorí náà tí ọ̀pọ̀ ọmọ bá dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìwọlé, kí a tó kọjú sí iléeṣẹ́ kankan, ká kọ́kọ́ ka iye imú tó ń ṣomi.

Òjò fúnra rẹ̀ lè dá wàhálà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ìjì kan jà ní Melbourne, ní Ọsirélíà, ó gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ sáfẹ́fẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kò rí èémí mí lálẹ́ ọjọ́ kan, èèyàn 10 sì kú.

Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá sìmẹ́ǹtì ni?

Ìbéèrè tí gbogbo Ṣágámù ń bi ara wọn nìyí, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa sì fún wa ní ọ̀nà tí a lè gbà dán an wò láìná owó rẹpẹtẹ.

Nígbà òjò, apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti ojú òkun, ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá bá wa. Nígbà ọyẹ́, ó ń yí padà. Àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń bọ̀, ó ń gbé eruku Sàhárà dání, pàápàá ti ilẹ̀ Bodélé ní Chad. Tó bá jẹ́ pé ibì kan pàtó ni eruku tó ń ṣe àwọn ọmọ ti ń jáde, àwọn iléèwé tó wà ní àríwá ìlà-oòrùn ibẹ̀ ló yẹ kó fara gbá a jù nígbà òjò, kí àwọn tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ sì fara gbá a jù nígbà ọyẹ́. Àmì orí máàpù gbọ́dọ̀ yí ẹ̀gbẹ́ padà bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí. Tí kò bá yí, tó jẹ́ pé iléèwé kan náà ni àmì ń pọ̀ sí yípo ọdún, ẹ lọ wo ohun tó wà nínú iléèwé ọ̀hún tàbí lọ́nà rẹ̀: ibùdókọ̀ tó wà lẹ́nu géètì, jẹnẹrétọ̀, àjà ilé tó ń jò, kíláàsì tí wọ́n ń gbá lójú àwọn ọmọ ní àárọ̀ tí eruku ṣọ́ọ̀kì á gba gbogbo ilé.

Kò tán síbẹ̀. Eruku ọyẹ́ ń bo gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ sí Ṣágámù nínú oṣù Kìíní, tí ẹ̀rọ náà gbé ìwọ̀n ńlá jáde, kò tíì sọ nǹkan kan. Kó gbé irú rẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìsarà lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí Ṣágámù fi lé sí tiwọn ló jẹ́ ti Ṣágámù. Ìyókù, ti ọyẹ́ ni.

Ibo ni máàpù ti ń tan èèyàn jẹ?

Ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù. Tí olùwádìí bá fi ìwé àwọn tó wá síbẹ̀ nìkan ya máàpù, Ṣágámù á pupa, àwọn abúlé tó jìnnà á funfun. Ìtumọ̀ rẹ̀ kọ́ ni pé afẹ́fẹ́ abúlé dára. Ó lè jẹ́ pé owó ọ̀kadà kò sí, tàbí pé oògùn ikọ́ lásán ni wọ́n ń rà fún ọmọ lọ́dọ̀ kẹ́míìsì. Funfun orí máàpù lè jẹ́ ìlera, ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sílẹ̀.

Iléèwé tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀ tún ń dá tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì pọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ká ní ọmọ 600 ló ń sùn lójú kan. Ikọ́ gbé 30 nínú wọn. Iléèwé ọjọ́mọ́jọ́ tó wà nítòsí ní ọmọ 100, ó gbé 10. Èyí tó ní 30 ló máa hàn gbangba, bẹ́ẹ̀ ẹni kan nínú 20 ni níbẹ̀, ó sì jẹ́ ẹni kan nínú 10 ní èkejì. Máàpù tí kò bá pín iye aláìsàn mọ́ iye ọmọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó yà á.

Kódà níbi tí ẹ̀rọ ti pọ̀, ọ̀rọ̀ kì í yá. Ikọ́ fée pa Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún 9, ní London nínú oṣù Kejì ọdún 2013. Ìtòsí ọ̀nà South Circular, tí ọkọ̀ kì í dá lórí rẹ̀, ló ń gbé. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ikú tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó fa ikú rẹ̀, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kò yé jà. Ọdún méje ó lé, nílùú tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ káàkiri.

Kí ni iléèwé lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ẹ̀rọ?

Ìwé kan, èyí tí wọ́n ń ta ní gbogbo ọjà. Kí tíṣà tó ń mójú tó ìlera fa ìlà sí i: ọjọ́, aago, ibi tó ti gbé ọmọ, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, bóyá ọ̀fìnkìn ń ṣe é, bóyá èéfín tàbí eruku wà nítòsí, ibi tó sùn lálẹ́ àná, ìnhélà tó lò. Ọdún kan péré irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní iléèwé mẹ́wàá, ẹni tó bá fẹ́ ya máàpù á ti ní ohun tí àwọn ará Barcelona rí nínú ìwé èbúté.

Orúkọ ọmọ kò gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ìwé yẹn. Nọ́ńbà ni wọ́n ń fún olùwádìí, máàpù tó bá sì máa di ti gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́ka sí àdúgbò, kó má ṣe tọ́ka sí ilé. Òbí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún ìwé ìyọ̀ǹda kó tó dáhùn ohunkóhun, ó lè ní òun ò ṣe, ó sì lè béèrè ìgbà tí wọ́n máa wá sọ àbájáde fún iléèwé. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹra mọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń wá gba ìdáhùn lẹ́nu wa tí a kì í rí ẹ̀yìn wọn mọ́.

Tó bá gbé ọmọ ní kíláàsì lónìí ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó nàró, ẹ má dá a dùbúlẹ̀. Ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ẹ lé àwọn tó ṣù bò ó. Kó fa ìnhélà búlúù lẹ́ẹ̀kan, kó mí, kó tún fà á lẹ́yìn ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, títí tó fi máa rọlẹ̀ tàbí tó fi máa pé mẹ́wàá. Ẹ má ṣe da àdín tàbí àgbo sí ọmọ tí kò rí èémí mí lẹ́nu. Tó bá pé mẹ́wàá tí kò rọlẹ̀, tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán, tí àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú, tàbí tí ètè rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà, ẹ ti máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kó máa fà á lọ lójú ọ̀nà. Bí ohùn fée bá dá tí ọmọ ṣì ń jà fún èémí, kò sàn o. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti kéré débi pé kò lè dún mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọmọdé kò lè fa ìnhélà dáadáa, orí ahọ́n ni oògùn náà ń parí sí. Ike kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ọn fún èyí, àmọ́ ó wọ́n. Ní Cape Town, àwọn dókítà dán ike omi mílílítà 500 wò dípò rẹ̀, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999: ó ṣiṣẹ́ bí èyí tí wọ́n ń rà. Ẹ fọ ike náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ lu ìdí rẹ̀ ní ihò tó bá ẹnu ìnhélà mu gẹ́ẹ́, kí ọmọ fi ètè bo ibi tí à ń gbà mu omi, kó máa mí wọlé-jáde bí ẹ ṣe ń tẹ ìnhélà lódì kejì. Kí ike yìí àti ìnhélà wà nínú dúrọ́ọ̀ tíṣà kíláàsì, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń bá a lọ sí ìpàdé ní Abẹ́òkúta.